Orí Yéye ní Mògún: Ọ̀rọ̀ lórí Bí Ọlọ́pàá Ṣe Ń Fi Ọkọ̀ Lé Ọkọ̀

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Orí yéye ní Mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀." Mògún ni ojúbọ Ògún, níbi tí wọ́n ti máa ń pa ọ̀daràn ní ayé àtijọ́. Àwọn àgbà tí wọ́n pa òwe yìí kò bá òfin ṣọ̀tá. Wọ́n mọ̀ dájú pé ìlú kò lè tòrò láìsí òfin. Ohun tí wọ́n ṣàkíyèsí ni pé nígbà tí ọwọ́ òfin bá yá jù, tí kò sì sí ẹni tí yóò dá a dúró, orí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni yóò pọ̀ jù nínú àwọn orí tí yóò bá a lọ.

Ìgbà tí wọ́n bá dájọ́ èké fún ènìyàn ni a sábà máa ń lo òwe yìí. Lójú tèmi, ìlò kan tún wà fún un lóde òní tí ó súnmọ́ Ògún fúnra rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, nítorí pé ọ̀rọ̀ irin ni, ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà sì ni. Èyí ni bí àwọn ọlọ́pàá àti àwọn agbófinró mìíràn ṣe máa ń fi ọkọ̀ lé ọkọ̀ láàárín ìgboro, tí eré náà yóò sì parí sí ara ẹni tí kò mọ ìdí ìjà wọn. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ẹ óò di olùkọ́ lọ́la.

Ẹni tí ń lé, ẹni tí à ń lé, àti ẹni kẹta

Olùkọ́ èdè ni mí. Ìdí ọ̀rọ̀ ni mo sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ bí mo bá fẹ́ ro nǹkan jinlẹ̀. Èdè Yorùbá kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ fún ẹni tí ń lé ènìyàn: a ní lé, a ní lépa, a ní tọpasẹ̀, a ní dọdẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tí ń sá: ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ó na pápá bora, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Òwe wa pàápàá mọ àwọn méjèèjì dáadáa. A ní, "Bí eégún bá ń lé ni, kí a máa rọ́jú, bí ó ti ń rẹ ará ayé ni ó ń rẹ ará ọ̀run." Ẹni méjì ni ó wà nínú òwe yìí, eégún àti ẹni tí eégún ń lé. Ọmọdé tí ó fẹ̀yìn ti ògiri tí ó ń wòran kò sí níbẹ̀. Ìyá tí ó gbé igbá karí tí ó ń kọjá lọ kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú.

Kì í ṣe pé àwọn baba wa gbàgbé ẹni kẹta yìí. Wọ́n ti yan ẹni tí yóò máa mójú tó o kí eégún tó jáde. Atọ́kùn ni ẹni náà. Bí eégún bá gbaná jẹ, atọ́kùn ni yóò pẹ̀tù sí i. Eégún tí ó bá le jù, wọn a so okùn mọ́ ọn, wọn a sì fà á sẹ́yìn. Eégún lè lé àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jáde wá pè é níjà, ṣùgbọ́n bí ó bá kọjú sí aboyún tàbí arúgbó, atọ́kùn yóò sáré bọ́ síwájú rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ará ọ̀run tí a bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀ ní ẹni tí ó lè sọ fún un pé, "Ó tó." Ta ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ agbófinró tí ó ń sá eré àsápajúdé gba àárín ọjà kọjá?

Ohun tí ojú mi rí

Ní ọdún 2018, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa wà lẹ́nu ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ tí gbogbo wa ń pè ní T.P., mo lọ wo ọ̀kan nínú wọn ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà kan tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ọlọ́dà. N kò ní dárúkọ ìlú náà. Irú rẹ̀ pọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ọjà kékeré kan wà ní ìyànà, ibùdókọ̀ wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí wà níbẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n sì kọjú sí títì kan ṣoṣo. Òwe ni akẹ́kọ̀ọ́ náà ń kọ́ àwọn ọmọ JSS 2 lọ́jọ́ náà. Ó kọ "Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun" sára pátákó, ó sì ní kí ọmọbìnrin kan tí ó jókòó sí iwájú kà á, kí ó sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ọmọ náà kà á ketekete. Ó fi ìtàn ẹni tí ó ń jí adìyẹ ìyá rẹ̀ kó ṣàlàyé òwe náà, gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín. Máàkì tí mo fún akẹ́kọ̀ọ́ mi dára.

Nígbà tí wọ́n jáde ilé-ẹ̀kọ́, èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ náà dúró lẹ́nu géètì, mò ń sọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ kù sí fún un. Ní òdìkejì títì, ìyá kan ń dín àkàrà, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sì ti yí i ká. Fèrè ọkọ̀ ni a kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan já láti orí òkè, ọkọ̀ agbófinró kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tímọ́tímọ́. Ọlọ́kadà kan tí ó fẹ́ yà fún wọn ṣubú sójú títì. Awakọ̀ tí ó ń sá náà kò fẹ́ gun ọlọ́kadà mọ́lẹ̀. Ó yí ọwọ́ ọkọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó sì já wọ ìdí àkàrà. Gbogbo rẹ̀ kò tó ohun tí ènìyàn lè fi ka ení, èjì, ẹ̀ta.

Ìyá alákàrà kú kí wọ́n tó gbé e dé ilé-ìwòsàn. Ọmọbìnrin tí ó ka òwe ní kíláàsì wà lára àwọn tí ó ń ra àkàrà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kán sí ọ̀nà méjì, òróró gbígbóná sì bó o láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀. Ohun tí àwọn èrò ń bi ara wọn ni pé, "Ta ni wọ́n ń lé? Kí ni ó ṣe?" Kò sí ẹni tí ó mọ̀. Ọjọ́ kejì ni a tó gbọ́ pé awakọ̀ náà kò jalè, kò sì pànìyàn. Ọjọ́ ti kọjá lórí ìwé ọkọ̀ rẹ̀, ẹ̀rù owó tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ sì bà á, ni kò fi dúró níbi tí wọ́n ti ní kí ó dúró. Àwọn agbófinró mú un lọ. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí ó padà wá béèrè ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwòsàn. Àwọn olùkọ́ àti àwọn ìyálọ́jà ni wọ́n dá owó ìtọ́jú rẹ̀. Nígbà tí a lọ kí i, ìyá rẹ̀ kò pariwo, kò sì gégùn-ún. Ó kàn ń wí fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ẹ bá mi wò ó o, ọ̀gá. Àkàrà ni ó ní òun ń lọ rà."

Alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ mi ti pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ni kí n sọ fún àwọn ọmọ yìí bí mo bá wọlé lọ́la?" Mo ní kí ó kọ́kọ́ gbọ́ tiwọn kí ó tó sọ tirẹ̀. Nígbà tí ó dé kíláàsì, ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè. Ó ní, "Sà, ẹ ní ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ọjọ́ ta wá ni àná?" Akẹ́kọ̀ọ́ náà kò rí èsì fọ̀ fún un, nígbà tí ó sì rò ó fún mi, èmi náà kò rí èsì fọ̀. Àròkọ yìí ni ìgbìyànjú mi láti dá ọmọ náà lóhùn.

Ìṣirò tí ó wà nínú eré náà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àmúwá Ọlọ́run ni irú nǹkan báyìí. Mo gbà pé Ọlọ́run ni ó ni ẹ̀mí, ṣùgbọ́n ìṣirò wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ọkọ̀ tí ó ń sáré 120 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin nǹkan bíi mítà 33 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí awakọ̀ bá sì rí ọmọdé níwájú, yóò tó nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá kan kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan bíréèkì. Ẹ jẹ́ kí a fi ohun tí a mọ̀ wọ̀n ọ́n: bí gígùn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan bá jẹ́ mítà mẹ́jọ, ọkọ̀ náà yóò ti kọjá yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tí a kọ́ tẹ̀léra kí awakọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá a dúró rárá. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sì ti jẹ́ kí a mọ̀ pé bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí yóò fi kọlu nǹkan yóò di ìlọ́po mẹ́rin.

Ẹ tún wo ojú àwọn awakọ̀ náà. Ẹni tí à ń lé a máa wo ẹ̀yìn lemọ́lemọ́. Ẹni tí ń lé e kò gbójú kúrò lára ọkọ̀ tí ó ń lé. Awakọ̀ méjì ni ó wà lójú títì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń wo ọ̀nà. Ẹ wá fi èyí sí àárín ìlú tiwa, níbi tí kò sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, tí ọjà ti wọ títì, tí ilé-ẹ̀kọ́ kò sì ní ògiri.

Ìdí tí àwọn awakọ̀ wa fi ń sá pẹ̀lú yẹ ní àgbéyẹ̀wò. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó sá ni olè. Òmíràn kò ní ìwé pípé. Òmíràn ní ìwé pípé, ṣùgbọ́n kò ní owó ẹ̀gúnjẹ. Òmíràn rí àwọn tí kò wọ aṣọ iṣẹ́, tí ọkọ̀ wọn kò ní àmì kankan lára, ó sì rò pé adigunjalè ni wọ́n. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, agbófinró a fò wọ inú ọkọ̀ tí ó ń lọ lọ́wọ́, òun àti awakọ̀ a sì jọ máa du ọwọ́ ọkọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ èrò wà nínú ọkọ̀, èrò sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Irú ìjàkadì bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí ìlépa tí a ń sọ. Ẹni kẹta ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ní ibòmíràn

Ẹni tí ó bá rò pé ìlú kan ṣoṣo ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀, kí ó wo ọdún 2021 nìkan. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, ní àkókò ọdún ìtúnu àwẹ̀, ìròyìn gbé e pé àwọn aṣọ́bodè tí ń lé àwọn onífàyàwọ́ ìrẹsì wọ inú ìlú Ìṣẹ́yìn, ìbọn dún, àwọn ará ìlú sì pàdánù ẹ̀mí wọn. Ní oṣù Kẹjọ, ní Jibia ní Ìpínlẹ̀ Katsina, ọkọ̀ àwọn aṣọ́bodè tí ń lé àwọn tí wọ́n fura sí pé onífàyàwọ́ ni wọ́n já wọ àárín èrò. Ìròyìn sọ pé ẹ̀mí tí ó bá a lọ tó mẹ́wàá. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé fàyàwọ́ lòdì sí òfin. Síbẹ̀, mélòó ni àpò ìrẹsì tí a lè fi díwọ̀n ẹ̀mí mẹ́wàá?

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọlọ́pàá ti ní ẹ̀rọ àti ẹ̀kọ́ jù tiwa lọ, ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn. Ìwé ìròyìn USA Today ṣe àgbéyẹ̀wò àkọsílẹ̀ ìjọba ní ọdún 2015. Ó rí i pé láti 1979 títí di 2013, ó ju ènìyàn 11,500 lọ tí wọ́n kú nígbà tí ọlọ́pàá ń fi ọkọ̀ lé ọkọ̀. Nínú wọn, àwọn tí wọ́n jẹ́ èrò inú ọkọ̀ tàbí ẹni tí ń kọjá lọ ju 5,000 lọ. Ní 1998, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ níbẹ̀ dá ẹjọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan tí ó wà lẹ́yìn alùpùpù nígbà tí ọlọ́pàá ń lé e ní Sacramento ní 1990, tí ọkọ̀ ọlọ́pàá sì gbá a pa. Ilé-ẹjọ́ ní ọlọ́pàá kò tàpá sí òfin-ìpìlẹ̀ àyàfi bí ó bá jẹ́ pé ó ní in lọ́kàn láti ṣe ènìyàn ní ibi. Ẹ kò rí i pé kò rọrùn fún òbí láti gba ẹ̀tọ́ ọmọ rẹ̀, bí ó ti wù kí ìlú náà mọ òfin tó.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní apá gúúsù ìlà-oòrùn ìlú náà tí àwọn ọmọ Yorùbá tẹ̀dó sí púpọ̀, ọkọ̀ tí wọ́n jí gbé tí ọlọ́pàá sì ń lé gba ìdílé kan tí ń fẹsẹ̀ rìn lọ ní Penge ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ ọdún 2016. Obìnrin kan àti ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́wàá kú. Wọ́n rán awakọ̀ náà lọ sí ẹ̀wọ̀n, ohun tí ó sì tọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n kò jí òkú.

Wíwá atọ́kùn fún eré náà

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní bí ọlọ́pàá kò bá lé ọ̀daràn mọ́, àwọn olè yóò máa yọ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀, pàápàá ní àkókò yìí tí àwọn ajínigbé ń yọ gbogbo wa lẹ́nu lójú ọ̀nà. Bí ajínigbé bá gbé ènìyàn sínú ọkọ̀, kò sí ẹni tí yóò ní kí ọlọ́pàá jókòó tẹtẹrẹ. Ohun tí mò ń sọ ni pé ajínigbé kọ́ ni ẹni tí ìwé ọkọ̀ rẹ̀ kò pé, kò sì yẹ kí a fi eré kan náà lé àwọn méjèèjì.

Àwọn ìlú mìíràn ti ń wá atọ́kùn fún eré yìí. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀gá kan wà ní ọ́fíìsì tí ń tẹ́tí sí ọlọ́pàá lórí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì, ó sì ní àṣẹ láti ní kí wọ́n dá eré náà dúró. Awakọ̀ ọlọ́pàá tí kò gba ẹ̀kọ́ pàtàkì kò gbọ́dọ̀ máa bá ìlépa lọ. Ní Amẹ́ríkà, Police Executive Research Forum, ẹgbẹ́ kan tí ń ṣe ìwádìí lórí iṣẹ́ ọlọ́pàá, gbà wọ́n nímọ̀ràn ní 2023 pé kí wọ́n má ṣe lé ọkọ̀ àyàfi bí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ bá ti hu ìwà ipá, tí ewu sì wà pé yóò tún ṣe ènìyàn ní jàǹbá láìpẹ́.

Àwa náà lè ṣe é. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni kí ọ̀gá tí ó wà lórí rédíò máa bi àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀: Ta ni ẹ ń lé? Kí ni ó ṣe? Àwọn wo ni ó wà lójú ọ̀nà? Bí èsì ìbéèrè kejì kò bá tó èsì ìbéèrè kẹta, kí eré dúró. Ọkọ̀ ní nọ́ńbà. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1988 ní àkọsílẹ̀ nọ́ńbà náà. Ẹni tí ó sá lónìí ní ilé, ó ní ibi iṣẹ́, a sì lè kàn án lára lọ́la. Ibi yìí gan-an ni mo ti rí èsì ìbéèrè ọmọkùnrin yẹn. "Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun" kì í ṣe òwe ìkánjú. Òwe sùúrù ni. Ó ń sọ fún olóhun pé ọjọ́ rẹ̀ ń bọ̀, kí ó fara balẹ̀. Ọjọ́ tí a kò bá ní sùúrù, kì í ṣe ti olè, kì í ṣe ti olóhun. Ó di ọjọ́ tí a gbà lọ́wọ́ ẹni kẹta láìtọ́ ọ bi. Àwọn àgbà sì ti wí i pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko bí ojú ẹja.

Ó tún yẹ kí òfin dá ẹni kẹta mọ̀. Bí ọkọ̀ ìjọba bá bẹ̀rẹ̀ ìlépa tí aláìṣẹ̀ sì fara gbọgbẹ́, kò yẹ kí ó jẹ́ igbá owó ni àwọn olùkọ́ àti àwọn ìyálọ́jà yóò gbé kiri. Kí ìjọba kọ́kọ́ san owó ìtọ́jú, kí a tó máa jiyàn lórí ẹni tí ó jẹ̀bi.

Iṣẹ́ tiwa gẹ́gẹ́ bí olùkọ́

Àwa kọ́ ni a ń wa ọkọ̀ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wa ni àwọn ọmọ wà láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́ wọn pé bí wọ́n bá gbọ́ fèrè ọkọ̀ agbófinró, kí wọ́n má ṣe sáré lọ wòran. Kí wọ́n kúrò lẹ́bàá títì, kí wọ́n bọ́ sẹ́yìn ilé tàbí ògiri, kí wọ́n má sì ṣe padà títí ariwo yóò fi lọ; ọkọ̀ kejì lè wà lẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀kejì, kí àwọn olórí ilé-ẹ̀kọ́ bá àwọn olóúnjẹ sọ̀rọ̀ kí wọ́n máa tajà nínú ọgbà, kí ó má jẹ́ etí títì ni ọmọ yóò ti máa ra àkàrà. Ẹ̀ẹ̀kẹta, kí a fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe orí-ọ̀rọ̀ àròkọ alárìíyànjiyàn ní kíláàsì. Ọmọ tí ó bá ti jiyàn lórí rẹ̀ ní kíláàsì lónìí lè di ọlọ́pàá tàbí awakọ̀ lọ́la.

Iṣẹ́ kan tún kù tí ó jẹ́ ti àwa olùkọ́ èdè gan-an. Nínú ìròyìn, a máa ń gbọ́ pé ọlọ́pàá lé afurasí, afurasí sá, "àwọn kan sì fara gbá nínú rẹ̀." Ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láti béèrè pé àwọn wo ni "àwọn kan" náà. Alákàrà ni. Ọmọ JSS 2 ni. Ọlọ́kadà tí ó ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ni.

Ìkádìí

Nínú àròkọ yìí, mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìlépa ọkọ̀ láàárín ìgboro kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni méjì, pé ewu rẹ̀ ní ìṣirò, àti pé àṣà wa ti mọ ohun tí a lè ṣe sí i ṣáájú kí ọkọ̀ tó dé ilẹ̀ yìí. Ọmọbìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ padà sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó ń fi ọ̀pá rìn. Àwọn ọmọ alákàrà kò rí ìyá wọn mọ́. Òfin dára, ẹni tí ó bá rú u sì yẹ fún ìjìyà. Ṣùgbọ́n eégún tí kò ní atọ́kùn, a kì í jẹ́ kí ó wọ ọjà.